Agbada irin àlòkù: ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n ti fi ṣe rí

 

Lẹ́tà kan ló délẹ̀ láti ọ̀dọ̀ màmá kan n'Ílé-Ifẹ̀. Wọ́n ní ọmọ àwọn tó wà l'Amẹ́ríkà fi agbada irin kan há àárín ẹrù tó fi ránṣẹ́ sílé. Nǹkan ọ̀hún wúwo bí ọmọ ọlọ, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, etí rẹ̀ sì ti dógùn-ún. Màmá ti pe àwọn tó ń kiri ra irin tó ti bàjẹ́ pé kí wọ́n wá gbé e, àfi bí ọmọ ṣe figbe ta lórí fóònù: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á o! Agbada yẹn ju ẹni ọgọ́rin ọdún lọ." Ìbéèrè méjì ni màmá fi parí lẹ́tà wọn. Ṣé nǹkan yìí ṣì ṣeé dáná? Ṣé òótọ́ sì ni pé agbada irin máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lára?

Bẹ́ẹ̀ ni mo máa dáhùn méjèèjì, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni lásán. Ìbéèrè kan wà tó ṣáájú wọn, tí màmá kò béèrè, tí èmi náà kò béèrè nígbà tó kàn mí. Díẹ̀ ló kù kí àìbéèrè mi kó bá ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kẹ́ ẹ lè fi tèmi kọ́gbọ́n.

Ẹyin tí mo dín ní Houston

Ní 2022, ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, bí ọmọ kejì. Mo lọ bá a wẹ ọmọ, bí gbogbo ìyá ti ń ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n ọmọ tuntun náà nígbà yẹn, ọwọ́ èmi ìyá àgbà ló sì wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ẹni tó bá ti gbé ọ̀hún á mọ̀ pé tó bá di àárọ̀ Sátidé, àwọn ará àdúgbò máa ń pàtẹ àlòkù wọn síwájú ilé. Aṣọ wà níbẹ̀, àga wà níbẹ̀, ìwé àti abọ́ wà níbẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá ń palẹ̀ ẹrù ìyá wọn tó ti dolóògbé mọ́, ibẹ̀ lẹ ó ti rí ohun ìdáná ayé àtijọ́. Ibi tí mo ti rí agbada irin méjì nìyẹn, ńlá kan, kékeré kan, dọ́là mẹ́fà mẹ́fà. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni agbada tí ìyá ìyá mi fi ń dín àkàrà, tí ariwo òróró rẹ̀ máa ń jí wa lójú oorun. N kò béèrè ìbéèrè kankan. Mo sanwó, mo kó wọn sábíyá, mo ń lọ.

Mo fọ̀ wọ́n, mo fi òróró pa wọ́n lára. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo fi èyí tó kéré dín ẹyin fún ọmọ-ọmọ mi. Mo tún ṣe bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ Túsìdeè. Ẹyin náà kò lẹ̀ rárá, ńṣe ló ń yọ̀ kiri inú agbada bí ọmọdé lórí ẹrẹ̀. Inú mi dùn, mo sì ń fi ṣe fọ́rífọ́rí sí ọmọ mi pé páànù olówó gọbọi tirẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ Túsìdeè yẹn, ọ̀rẹ́ ọmọ mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọmọ Ìjẹ̀bú, wá kí ọlọ́mọ. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó dìde, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí agbada. Ó ní, "Mà, ẹ má bínú o. Níbo lẹ ti rí èyí? Ṣé ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń fi ṣe tẹ́lẹ̀?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọmọ mi, kí ni wọn ì bá tún fi agbada ṣe bí kò ṣe kí wọ́n dín nǹkan?"

Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mà, àwọn ọkùnrin tó ń pẹja níhìn-ín máa ń fi í yọ́ òjé."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ìdílé apẹja wá mọ òjé. Òun ni wọ́n ń so mọ́ etí àwọ̀n kó lè rì wọnú omi. L'Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ràn kí wọ́n máa ju ìwọ̀ ló ń yọ́ òjé fúnra wọn nínú ọgbà ilé, àwọn ọdẹ sì ń fi í dá ọta ìbọn. Òjé máa ń yọ́ bí ooru bá ti dé 327 lórí ìwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ irin dídà kì í yọ́ títí ooru á fi kọjá 1,100. Ẹni tó bá fẹ́ yọ́ òjé nílé, agbada irin àlòkù ló máa ń yá wọn lọ́wọ́ jù.

Oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Bílẹ̀ ti mọ́, mo padà sílé ìyá arúgbó tó tà á fún mi. Wọ́n gbà mí tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Wọ́n ní ìyá àwọn ló ni agbada ńlá, búrẹ́dì àgbàdo ni wọ́n fi ń yan nínú rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn. Mo wá béèrè kékeré. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní inú ṣẹ́ẹ̀dì ọkọ àwọn tó ti kú làwọn ti rí ìyẹn, lábẹ́ àwọn ohun èlò ìwọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ tán ni wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. Kò wá sí àwọn náà lọ́kàn rí.

Ọmọ mi ra igi ìdánwò òjé ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ilé kíkọ́. Wọ́n fi ra inú agbada kékeré, ó pọ́n wẹ̀ẹ̀. Wọ́n fi ra ńlá, kò yí padà. Ojú ẹsẹ̀ la gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní ká máa retí èsì. Ọjọ́ méjì la fi retí. Ọmọ mi kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú kan sí mi, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Mo kàn ń wo ọmọdé yẹn bó ṣe ń ṣeré, mo ń ka ọjọ́ orí rẹ̀ lọ́kàn.

Ọlọ́run bá wa ṣe é. Èsì dé, ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó 3.5 microgram nínú desilita kan, ìyẹn àmì tí àjọ CDC ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti fi lélẹ̀ láti 2021 fún mímọ ọmọ tí òjé ara rẹ̀ ti ju tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Dókítà ní nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì péré ló jẹ ẹ́ ni. Oṣù mẹ́ta ni mo fẹ́ lò níbẹ̀. Ẹ ba mi ṣírò iye àárọ̀ tó wà nínú oṣù mẹ́ta, pẹ̀lú ìyá ọlọ́mú tó ń jẹ lára oúnjẹ kan náà.

Ohun tí òjé ń ṣe

Òjé inú oúnjẹ kì í rùn, ẹ kì í sì í rí i. Bó bá wọ ara ọmọdé, ọpọlọ ló ń bá jà. Ọmọ náà lè má tètè mọ̀wé, ó lè má lè fọkàn sí ohun kan, ó lè ya oníjàgídíjàgan. Ó ń fa inú rírun, ó ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀, bó bá sì pọ̀ jù, ó ń mú gìrì wá, ó ń pani. Bó bá wà lára aboyún, ó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú, ó sì ń gba inú ọmú dé ọ̀dọ̀ ọmọ tuntun. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ ọ́ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan táwọn mọ̀ pé kò léwu.

Ẹ ò ní gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Zamfara lọ́dún 2010. Àwọn èèyàn ń lọ òkúta nínú ọgbà ilé láti yọ góòlù, wọn kò mọ̀ pé òjé wà nínú òkúta kan náà. Eruku rẹ̀ kó wọ inú ilé, ó sì pa ọmọdé tó ju 400 lọ. Kò sí agbada nínú ọ̀rọ̀ tiwọn, ṣùgbọ́n òjé kan náà ni.

Ẹ má sì ṣe sọ pé iná á jó o dànù. Òjé kì í jóná bí ọ̀rá. Fífọ̀ kò ní kó gbogbo rẹ̀ jáde, òróró tí ẹ tún fi pa á lára kò sì sọ ọ́ di mímọ́. Bí ẹ bá sun ún nínú iná tó gbóná gan-an, èéfín rẹ̀ lẹ ó máa fà símú. A kò ta agbada kékeré yẹn, a kò fi í tọrẹ. Ibi tí ìjọba ìlú ti ń gba ẹ̀gbin olóró la gbé e lọ.

Ìdí rèé tí mo fi ń sọ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ lórí agbada àlòkù ni: kí ni wọ́n ti fi ọ́ ṣe rí? Bó bá jẹ́ inú ilé ìdáná ni wọ́n ti gbé e jáde, tí ẹni tó ni ín lè sọ oúnjẹ tí wọ́n fi ń sè, ó dára. Bó bá jẹ́ inú ṣẹ́ẹ̀dì ló ti wá, tàbí ọ̀dọ̀ ọlọ́dẹ, apẹja àti mẹkáníìkì, ẹ fi í sílẹ̀. Nílé wa níhìn-ín náà, àwọn kan ń yọ́ òjé inú bátìrì ọkọ̀, ohun èlò tí wọ́n fi ń yọ́ ọ lè dé ọjà àlòkù lọ́jọ́ kan. Bí ẹ bá rí àbàwọ́n eléérú tó ń dán bíi fàdákà nínú rẹ̀, ẹ sá. Igi ìdánwò wúlò: bó bá pọ́n, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí kò bá pọ́n, ìyẹn nìkan kò tó ẹ̀rí. Agbada tí ẹ kò mọ ìtàn rẹ̀, tí ọkàn yín kò sì balẹ̀ sí, ẹ gbé e kọ́ ara ògiri. Ẹ má fi bọ́ ọmọ.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń wá àlòkù?

Ẹnì kan á ní, bí ewu wà nínú rẹ̀, kí ló dé tí wọn ò kúkú ra tuntun? Ẹ fọwọ́ pa inú agbada àtijọ́ wò, ẹ ó lóye. Lẹ́yìn tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìgbà yẹn bá ti da irin yíyọ́ sínú yanrìn tí wọ́n fi ń fún un ní àwòrán, wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ ha inú rẹ̀ títí á fi dán. Ọ̀pọ̀ tuntun tó wà lọ́jà ni wọn kì í ha bẹ́ẹ̀ mọ́, ìdí nìyẹn tí inú wọn fi máa ń rí ṣákiṣàki. Ti àtijọ́ tún sábà máa ń fúyẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́, ọpẹ́lọpẹ́ ara rẹ̀ tó fẹ́lẹ́.

Àwọn orúkọ tí àwọn tó ń kó o jọ máa ń wá nìwọ̀nyí. Griswold ni wọ́n ń ṣe ní ìlú Erie, ní Pennsylvania, láti 1865 títí ilé-iṣẹ́ náà fi kógbá wọlé níbẹ̀ ní 1957. Àmì rẹ̀ ni àgbélébùú nínú òbìrí. Wagner bẹ̀rẹ̀ ní Sidney, ní Ohio, ní 1891. Lodge ni ti Joseph Lodge, ó bẹ̀rẹ̀ ní 1896 ní South Pittsburg, ní Tennessee, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Nọ́ńbà ara agbada kì í ṣe iye ínṣì rẹ̀ o. Ojú ààrò onígi ayé ìgbà yẹn ni wọ́n fi ń wọn ọ́n. Nọ́ńbà 8, tó wọ́pọ̀ jù, máa ń fẹ̀ tó nǹkan bí ínṣì mẹ́wàá àti ààbọ̀ lókè. Bí ẹ bá rí "Made in USA" lẹ́yìn rẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ ti 1960 síwájú.

Ogún ni wọ́n ń fi agbada bẹ́ẹ̀ jẹ. Nígbà tí Mary Washington, ìyá George Washington tó jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ l'Amẹ́ríkà, kọ ìwé ìhágún rẹ̀ ní 1788, ó pín ohun èlò irin inú ilé ìdáná rẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ fi sílẹ̀ fún. Títí dòní, ọ̀pọ̀ ìdílé, funfun àti dúdú, ní apá gúúsù Amẹ́ríkà ló jẹ́ pé agbada tí ìyá àgbà fi ń din adìẹ ni ọmọ-ọmọ fi ń din tirẹ̀. Àwa náà kò ṣàjèjì sí i. Àwọn ìyá wa àgbà ní ìkòkò irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìnkùlé, ìgbà tí alumíníọ̀mù dé la kó wọn fún àwọn tó ń ra irin.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ọ̀kan tàbí ẹ fẹ́ yẹ èyí tó wà nílé wò, ẹ gbé e sórí tábìlì tó tẹ́jú. Bó bá ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, ìdí rẹ̀ ti tẹ̀, kò ní dára lórí sítóòfù onígíláàsì. Ẹ fi ìka kan gbé e dúró lápá ìmú rẹ̀, kẹ́ ẹ fi igi kan án. Tó bá dún gooro bí agogo, ara rẹ̀ pé. Tó bá dún pòkò, ó ṣeé ṣe kó ti sán níbì kan, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ ṣe é. Ti ìpẹtà kò le. Ìpẹtà kì í pa agbada, bó ti wù kó pọ̀ tó lójú.

Bí a ṣe ń jí i padà

Bó bá jẹ́ ìpẹtà nìkan ló wà lára rẹ̀, ẹ da fínígà àti omi pọ̀ ní ìdá kan sí ìdá kan, kẹ́ ẹ rì í sínú rẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ sùn o. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ gbé e jáde, ẹ fi irin ìfọkòkò ha á, nítorí bí fínígà bá pẹ́ lára rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin náà gan-an. Bó bá jẹ́ ọ̀rá ọdún pípẹ́ tó ti gan mọ́ ọn, kọ́sítíìkì sódà tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò ló máa tú u. Ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ wà nínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí nǹkan bo ojú yín, kó jẹ́ ìta gbangba, kí ọmọdé jìnnà síbẹ̀. Inú ike ni kẹ́ ẹ ti pò ó, sódà lẹ ó máa dà sínú omi, kì í ṣe omi sórí sódà. Ẹ má fi kan alumíníọ̀mù láéláé, ńṣe ni yóò máa hó, tí á sì máa tú afẹ́fẹ́ tó lè gbiná jáde. Ẹ má sì ju agbada sínú iná ńlá bí àwọn kan ti ń ṣe, iná yẹn máa ń tẹ̀ ẹ́, ó sì lè là á.

Bó bá ti mọ́, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ gbé e sórí iná lójú ẹsẹ̀ kó gbẹ. Ìgbà yìí la máa fi òróró pa á. Ẹ ta òróró ẹ̀pà tàbí òróró ìdáná díẹ̀ sí i lára, nínú, lẹ́yìn, àti lápá ìmú. Ẹ wá mú aṣọ gbígbẹ, ẹ nù ún bí ẹni pé àṣìṣe ni òróró tẹ́ ẹ fi pa á. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe é lódì nìyẹn: òróró tó bá pọ̀ á le mọ́ ọn, á máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ẹ dojú rẹ̀ dé inú ófùnù tó gbóná tó 230 sí 250 lórí ìwọ̀n Celsius, fún wákàtí kan, kó tutù síbẹ̀. Ẹ ṣe é bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tí kò bá ní ófùnù, kó gbé e sórí gáàsì tàbí èédú, kó ṣílẹ̀kùn àti fèrèsé, títí èéfín rẹ̀ á fi dáwọ́ dúró, kó tún fi òróró mìíràn nù ún. Ooru yẹn á sọ òróró di awọ líle dúdú tó so mọ́ irin. Awọ yìí ni kì í jẹ́ kí ẹyin lẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí irin dógùn-ún.

Bí a ṣe ń fi í dáná

Ẹ fún un láyè kó gbóná díẹ̀díẹ̀ lórí iná kékeré. Irin kì í tètè gbóná, bó bá sì gbóná tán kì í tètè tutù. Ìdí nìyẹn tó fi dára fún dòdò, àkàrà, ẹja àti ẹran díndín: bí ẹ bá ju nǹkan tútù sínú òróró, ooru rẹ̀ kì í já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Apá ìmú rẹ̀ máa ń gbóná o, ẹ máa fi aṣọ gbá a mú.

Ẹ má da omi tútù sínú rẹ̀ nígbà tó bá ń gbóná fòò, ó lè sán. Ẹ lè fi ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ fọ̀ ọ́, irọ́ ni wọ́n ń pa pé ọṣẹ èyíkéyìí á bà á jẹ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kẹ́ ẹ rì í sómi mọ́jú. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbé e sórí iná kó gbẹ, ẹ fi òróró tín-ín-rín nù ún, ó parí. Ọbẹ̀ ata tó ní tòmátì, ẹ má sè é pẹ́ nínú rẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí i padà ni. Ìkan inú tòmátì á jẹ awọ yẹn, ọbẹ̀ á sì máa ta bí irin lẹ́nu.

Ṣé ó ń fún ni lẹ́jẹ̀?

Ìbéèrè kejì màmá nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ nínú. Irin díẹ̀ máa ń ti ara agbada bọ́ sínú oúnjẹ, pàápàá bí oúnjẹ bá kan, tó bá lómi nínú, tó sì pẹ́ lórí iná. Èròjà irin yìí wà lára ohun tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ní 1999, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tí wọ́n ń pè ní The Lancet gbé ìwádìí kan jáde láti Ethiopia. Wọ́n fún àwọn ìdílé kan ní ìkòkò irin, wọ́n fún àwọn mìíràn ní ti alumíníọ̀mù, wọ́n sì ń ṣọ́ àwọn ọmọ wọn fún ọdún kan. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tó ń jẹun láti inú ìkòkò irin fi gíráàmù 1.7 nínú desilita pọ̀ sí i, tàwọn ti alumíníọ̀mù jẹ́ 0.4 péré.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi yé o. Agbada kì í ṣe oògùn. Dòdò tí ẹ dín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú agbada tí awọ rẹ̀ ti gbó kò lè fún yín ní irin tó pọ̀. Aboyún tí wọ́n fún ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ máa lò ó lọ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, kó lọ ṣàyẹ̀wò. Ó lè jẹ́ ibà, ó lè jẹ́ aràn, ó lè jẹ́ nǹkan oṣù tó ń ya jù. Àwọn kan sì wà tí irin púpọ̀ kò yẹ. Àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde, tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí lára lemọ́lemọ́, irin máa ń ṣẹ́ jọ sí wọn lára, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀ àti ọkàn wọn jẹ́. Kí wọ́n bi dókítà wọn kí wọ́n tó sọ ìkòkò irin di ohun ojoojúmọ́.

Màmá mi n'Ílé-Ifẹ̀, ẹ má ta agbada yín. Ẹ tún ọmọ pè lórí fóònù. Ẹ má bi í léèrè iye tó rà á. Ẹ bi í pé: "Ọwọ́ ta lo ti rà á, kí sì ni onítọ̀hún ń fi sè?" Bí ó bá ní oúnjẹ ni, ẹ wá fínígà, ẹ wá òróró, ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí kò bá mọ̀, ẹ gbé e kọ́, ẹ máa fi ṣe ìrántí ọmọ.

Agbada ńlá tí mo rà fún dọ́là mẹ́fà ṣì wà lórí sítóòfù ọmọ mi ní Houston. Ọmọ-ọmọ mi tó jẹ ẹyin ọjọ́sí ti bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, ó sì mọ̀wé dáadáa. Bí mo bá pè wọ́n lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń gbọ́ ariwo òróró lẹ́yìn ọ̀rọ̀ wọn, inú mi á sì dùn. Síbẹ̀, ọjọ́ méjì tí a fi retí èsì yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi.